Láti Ọ̀wẹ̀ dé Ìwé Àdéhùn: Ìtàn Iṣẹ́ Kọngílá àti Ẹjọ́ Inú Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Òdìgbó

Ẹni tí ó bá ti Èkó ń bọ̀, tí ó ń lọ sí Ìbíní, tàbí tí ó ti Oǹdó sọ̀kalẹ̀ wá láti lọ sí Okìtìpupa, kò sí bí kò ṣe ní fi ojú kan Ọ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Òdìgbó, ìlú oríta, ìlú tí ọ̀nà ti ń pàdé ọ̀nà bí ẹni pé wọ́n jọ dá àjọ. Bí ó bá sì sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ó rìn wọ àdúgbò tí ilé titun ti ń yọ orí, yóò rí pákó tí wọ́n là ní sọ́míìlì, yóò rí iyanrìn àti òkúta tí a dà sí ẹ̀bá ọ̀nà, yóò rí búlọ́ọ̀kù tí oòrùn ń yan, yóò sì rí ohun kan tí kò sí lára ilé àwọn baba wa rí, èyíinì ni ọ̀rọ̀ tí a fi ọ̀dà pupa kọ gàdàgbà sára ògiri tí kò tíì ga ju orúnkún lọ, pé ilé yìí kì í ṣe títà, tàbí pé kí iṣẹ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ orí ògiri yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó ń sọ fún ẹni tí ó bá lè kà á pé àwọn kan wà níbì kan tí wọn kò gbọ́ ara wọn yé, ìbáà ṣe onílẹ̀ àti ẹni tí ó ra ilẹ̀, ìbáà ṣe onílé àti kọngílá, ìbáà sì ṣe kọngílá àti bíríkìlà. Ó sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a sọ nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà ní gbalasa ni a fi sílẹ̀ títí ògiri fi dìde. Mo ti fi ìgbà pípẹ́ wo ìtàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní agbègbè wa, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ ni pé àwọn baba wa kò mọ̀wé ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹ̀rí, àwa sì ní ìwé lọ́wọ́ ṣùgbọ́n a sábà máa ń gbàgbé pé nítorí ẹ̀rí ni a ṣe dá ìwé sílẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, kò sí ẹni tí ń jẹ́ kọngílá ní gbogbo ilẹ̀ Òdìgbó, láti ìlú tí oyè ọba rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀rúnjà títí dé etí omi ní Àgbàbú, síbẹ̀ ilé kò ṣàìdìde. Igbó dúdú ni ilẹ̀ náà nígbà náà, igbó tí oòrùn ọ̀sán kì í fi gbogbo ojú wò, àwọn ọmọ Èkìmògún tí wọ́n sì ti Oǹdó wá ṣán an kò rí koríko bẹẹrẹ tí àwọn ará Ọ̀yọ́ fi ń bo orí ilé, tí wọ́n sì ń kó wá fún Aláàfin lọ́dọọdún pẹ̀lú ọdún àti ayẹyẹ. Ewé gbòdògì ni tiwọn, ewé gbọọrọ tí a ń tò lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, amọ̀ tí a fi ẹsẹ̀ gún ni wọ́n sì fi ń mọ ògiri, ní ìpele dé ìpele, tí a óò mọ ọ̀kan, tí a óò fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó gbẹ, kí a tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá kánjú gbé ìpele tútù lé ìpele tútù, ojú gbogbo ìlú ni ògiri rẹ̀ yóò ti wó.

Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Onílé yóò ké sí ẹbí, yóò ké sí ọ̀rẹ́, yóò ké sí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ sọ́nà, àna kò sì jẹ́ kọ ọ̀wẹ̀ àna; wọn yóò dé ní kùtùkùtù, wọn yóò gún amọ̀, wọn yóò ru omi, iyán yóò sì máa dún lódó àwọn obìnrin, ẹmu yóò máa dúró de ìrọ̀lẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba a máa ṣe àáró, pé bí a bá ṣe ti lágbájá lónìí, a ó ṣe ti làkásègbè ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kò sí ìwé nínú èyí, kò sí owó, adájọ́ kan ṣoṣo tí ó sì wà nídìí rẹ̀ ni ìtìjú, nítorí pé ẹni tí ó bá jẹ iyán ọ̀wẹ̀ ẹlòmíràn tí ó sì sá fún tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ yóò bàjẹ́ dé ibi tí kò ní rí ẹni tí yóò gbé òkú òbí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdí pàtàkì tí mo fi ń wá ìtàn yìí wà nínú irú iṣẹ́ kẹta, àgbàṣe, nítorí pé ibẹ̀ ni kọngílá ti bá wa tan. Orúkọ tí a fi ń pe kọngílá ní èdè wa títí di òní, agbaṣẹ́ṣe, láti ara àgbàṣe ni ó ti wá. Alágbàṣe a máa gba iṣẹ́ oko ní ìwọ̀n, pàápàá ní iye ebè, a ó kà á ní igba igba, owó tí a óò san lórí igba kan yóò ti hàn kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, ẹnìkẹta yóò sì wà níbẹ̀ nígbà tí a ń sọ ọ́. Bí ìjà bá dé, kì í ṣe lórí owó ni yóò kọ́kọ́ dé. Lórí ebè ni yóò dé, pé kò tóbi tó, pé ó jìnnà sí ara wọn jù, àwọn àgbà yóò sì dìde, wọn yóò lọ sí oko náà fúnra wọn, wọn yóò kà á, wọn yóò sì fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí èyí dáadáa: iṣẹ́ tí ó ní ìwọ̀n, owó tí a ti dá, ẹlẹ́rìí tí ó dúró, àti àgbà tí ó lọ wo iṣẹ́ náà níbi tí ó gbé wà. Gbogbo ohun tí lọ́yà ń kọ sínú ìwé iṣẹ́ ilé lónìí, tí ó ń gba ewé ìwé ogójì tàbí àádọ́ta, láti ara igi mẹ́rin yìí ni ó ti yọ ẹ̀ka.

Ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ mú iṣẹ́ ńlá wọ agbègbè wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú ń sé ọ̀nà òkè mọ́ òwò Èkó, Gómìnà Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, wá ọ̀nà míràn gba ìlà-oòrùn, ó rán aṣojú rẹ̀ Goldsworthy lọ, a sì la ipa kan tí ó gba orí ọ̀sà, tí ó gúnlẹ̀ lẹ́bàá Àyèsàn, tí ó sì gba inú igbó gòkè lọ sí Òde-Oǹdó, títí dé Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíntóyè ti kọ ìtàn ọ̀nà yìí jáde ní 1969, ẹni tí ó bá sì kà á yóò mọ̀ pé ọ̀nà náà kò lè ṣí ní ọjọ́ kan ṣoṣo láìsí ọ̀rọ̀ àdéhùn láàrin ìjọba Èkó àti àwọn ìlú tí ó gbà kọjá, nítorí pé ọ̀nà tí kò ní ẹni tí ó ń ro ó, igbó yóò gbà á padà láàrin òjò méjì.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹlẹ́rọ tẹ̀ lé e. Láàrin 1908 àti 1914, ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí Bergheim dá sílẹ̀, ń gbẹ́ kànga ní agbègbè Àgbàbú, wọ́n ń wá epo, wọ́n sì rí ọ̀dà dúdú tí a fi ń ṣe títì, kí ogun àgbáyé kìn-ín-ní tó lé wọn kúrò. Ó máa ń dùn mí dé ọkàn pé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀dà tí a fi ń dí kòtò títì tí ó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, láti òkè òkun ni a ṣì ń ti kó o wá, nígbà tí ti Àgbàbú ń ṣàn jáde lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Pẹ̀lú ìjọba òyìnbó ni kóòtù ìbílẹ̀ dé, pẹ̀lú kóòtù ni ìwé, pẹ̀lú ìwé sì ni akọ̀wé tí ń jókòó sí ojúde pẹ̀lú tábìlì kékeré, tí ń gba owó kọ lẹ́tà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ. Iṣẹ́ àwọn akọ̀wé wọ̀nyí ṣe pàtàkì ju bí a ti ń rò lọ. Àwọn tí ó kọ́ ilé páànù àkọ́kọ́ ní àwọn abúlé kòkó wa, ọwọ́ wọn ni wọ́n tẹ̀ mọ́ ìwé. Akọ̀wé ni ó kọ ọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi kọ ọ́, kò sì sí ohun tí ó rọrùn bí kí ó kọ pọ́n-ùn ogún níbi tí a ti sọ mẹ́wàá. Ìjọba rí i pé ìrẹ́jẹ ń wọlé gba ẹnu ọ̀nà yìí, ní 1915 ni òfin tí ń dáàbò bo àwọn aláìmọ̀wé sì jáde, tí ó pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ ìwé fún aláìmọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, orúkọ náà yóò sì dúró bí ìjẹ́rìí pé a ti ka ìwé náà sétí ẹni tí ó tẹ ọwọ́, pé a túmọ̀ rẹ̀ fún un, àti pé òun fúnra rẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́. Òfin náà wà títí di òní. Kọngílá tí ó bá mú bàbá arúgbó kan tẹ ọwọ́ sí àdéhùn ilé tí a kò kà fún un, kí ó mọ̀ pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nísinsìnyí mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ilẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kọngílá ní Òdìgbó ti ń bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ń parí sí pẹ̀lú omijé. Ní 1912, nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé dìde lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń gbọ́ ẹ̀rí, Ẹlẹ́sì ti Odògbolú ni ó là á yé wọn pé ẹbí ńlá kan ni ó ni ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹbí náà ti kú, díẹ̀ ni ó wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà; ní 1921 ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olúwá ti Èkó, dé iwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rí láàrin wa. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí, bí ó ti wù kí ó tẹ̀ ẹ́ gírígírí tó, kò fi lè ta ilẹ̀ ẹbí: olórí ẹbí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àwọn àgbààgbà ìdílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ti Òdìgbó wá le koko ju ti ibòmíràn lọ, kòkó ni ó sì fà á. Nígbà tí kòkó gbilẹ̀, àwọn àgbẹ̀ láti Ọ̀yọ́, láti Ọ̀ṣun, láti Ìjẹ̀bú àti láti ibi púpọ̀ rọ́ wá sí inú igbó wa, àwọn onílẹ̀ sì fún wọn ní ilẹ̀ dá oko sí, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Igi kòkó di ti àlejò, ó lè fi ṣe ogún fún ọmọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ igi kò kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀. Láàrin ìran méjì, abúlé àlejò di ìlú, oko tí ó wà lẹ́bàá títì di ibi tí ènìyàn ń fẹ́ kọ́ ilé sí, ọmọ ọmọ àlejò tí a bí síbẹ̀, tí kò mọ ilé míràn, sì gé ilẹ̀ tà fún olówó Èkó, olówó gbé iṣẹ́ fún kọngílá, kọngílá gbẹ́ ìpìlẹ̀, ní ọjọ́ kẹta onílẹ̀ dé pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́wàá. Ta ni ó jẹ̀bi? Nígbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde ní oṣù kẹta 1978, tí a sì fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àwọn kan ń pariwo pé onílẹ̀ ti tán, pé ẹni tí ó bá ń ro ilẹ̀ ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n ní 1991, nínú ẹjọ́ Abíóyè àti Yàkúbù, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà kò sọ ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ di onílẹ̀. Òfin kan náà sì wí pé ẹni tí ó ti gba ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ gómìnà kò lè gbé e fún ẹlòmíràn láìsí àṣẹ gómìnà.

Ọ̀nà mélòó wá ni a fi lè fi hàn ní kóòtù pé ilẹ̀ jẹ́ tẹni? Márùn-ún ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kà ní 1976 nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, tí ó wá láti apá Wárí: ìtàn ìdílé, ìwé, ìwà onílẹ̀ tí a ti ń hù lórí rẹ̀, jíjókòó sórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti níní ilẹ̀ tí ó bá a pààlà. Inú mi dùn pé ìtàn ni ó wà níwájú. Ohun tí bàbá sọ fún ọmọ lẹ́bàá iná, bí ó bá tọ́, tí kò sì ta ko ara rẹ̀, adájọ́ yóò gbà á. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìtàn kankan kò lè gba ènìyàn là nínú igbó ọba: ibi tí igbó ọba tí a ń pè ní Olúwa ní agbègbè wa dé, ìjọba ni ó ni ín, ọ̀pọ̀ kòkó sì wà nínú rẹ̀ lónìí tí ẹni tí ó gbìn ín kò lè fi ìwé kankan gbè é lẹ́sẹ̀.

Kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ nìkan ni ó ti bá wa: ní oṣù kẹjọ 1967, ogun abẹ́lé dé Ọ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Biafra tí ó wọ Ìbíní ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà tẹ̀ síwájú títí wọ́n fi dé oríta wa, ibẹ̀ sì ni a ti dá wọn dúró. Títí di òní, bí Yorùbá bá fẹ́ sọ pé ìjà kan le, ti Ọ̀rẹ̀ ni yóò fi wé. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí ó bá dára a máa ní gbólóhùn kan nípa ogun, omíyalé àti ohun gbogbo tí apá ọmọ ènìyàn kò ká, pé bí ó bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Ìlú tí ó bá ti rí ogun lójú títì kò gbọdọ̀ fo gbólóhùn yẹn dá.

Lẹ́yìn ogun ni owó epo dé, títì ńlá tí ó ti Ṣágámù lọ sí Ìbíní sì di títì onílà méjì, gbogbo orílẹ̀-èdè ń kọ́lé. Sìmẹ́ǹtì ilé, èyí tí ilé iṣẹ́ Ewékorò ti ń ṣe láti 1960, kò tó. Ìjọba Ọ̀gágun Gowon bá tọwọ́ bọ àdéhùn 109 pẹ̀lú àwọn oníṣòwò 68, fún sìmẹ́ǹtì tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún tọ́ọ̀nù lọ, láìbi ara rẹ̀ léèrè bóyá ẹnu èbúté Èkó lè gbé e mì. Ní 1975, ọkọ̀ ojú omi tò lójú òkun bí eèrà, sìmẹ́ǹtì ń dì nínú wọn. Ìjọba yí padà ní oṣù keje, ìjọba titun sì kọ̀ láti sanwó bí a ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹjọ́ ilé iṣẹ́ Trendtex, tí ń béèrè owó sìmẹ́ǹtì rẹ̀, dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1977, báńkì àpapọ̀ wa wí pé ìjọba ni òun, a kò lè pe òun lẹ́jọ́, àwọn adájọ́ sì dá a pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ó bá wọ ọjà ṣòwò, òfin ọjà ni yóò dè é. Bí orílẹ̀-èdè lódindi bá lè tọwọ́ bọ ìwé láìwọn ohun tí ó ń rà, kí ni a óò wí fún onílé tí ó ní kí kọngílá "ṣáà fi yàrá kan kún un" láìkọ ọ́ sílẹ̀? Iṣẹ́ àfikún tí a kò kọ ni ó ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ jù láàrin onílé àti kọngílá ní Ọ̀rẹ̀, ó sì dá mi lójú pé ó ju ìjà owó ìpìlẹ̀ iṣẹ́ lọ.

N kò ní gbàgbé lébìrà. Nígbà ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó bá já bọ́ láti orí òrùlé, onílé ni yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ adáhunṣe, tí yóò sì bá a roko títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Nígbà tí iṣẹ́ di ti owó, àánú yìí pòórá, ẹni tí ó bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ni yóò sì ru ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílé. Ó di 1941 kí òfin tó wí pé kí agbanisíṣẹ́ san owó fún ẹni tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe. Òfin 2010 ti gba ipò rẹ̀, ó sì fẹ́ kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ sínú àpò tí a óò ti máa tọ́jú àwọn tí ó bá farapa. Kọngílá tí kò bá dá owó yìí ń fi ara rẹ̀ wewu, ṣùgbọ́n ohun tí ó burú jù ni pé ó ń ṣe ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ kò jẹ́ ṣe.

Ti owó iṣẹ́ ìjọba, àwọn kọngílá wa ti jìyà. Mo mọ àwọn tí ó yá owó èlé láti parí títì tàbí kíláàsì ilé ìwé, tí wọ́n sì di ìwọ̀fà fún báńkì, tí iṣẹ́ wọn lójoojúmọ́ ń lọ fún èlé bí ti ìwọ̀fà àtijọ́. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2007 lórí gbígbé iṣẹ́ jáde fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ṣe òpin owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà, ó sì wí pé bí ọgọ́ta ọjọ́ bá kọjá lẹ́yìn tí a ti fi ìwé owó sílẹ̀ tí a kò san án, ó ti pẹ́, yóò sì ní èlé gẹ́gẹ́ bí àdéhùn bá ti wí. Ẹni tí kò bá ní ọjọ́ tí ó fi ìwé sílẹ̀ lọ́wọ́, láti ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọgọ́ta náà?

A kì í ti kóòtù dé ká tún ṣọ̀rẹ́, àwọn àgbà sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ onílàjà fi ti wà nínú ìwé òfin wa láti 1914, tí a tún un ṣe ní 1988, tí a sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2023: àwọn méjèèjì yóò yan ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, yóò lọ wo ògiri níbi tí ó gbé wà, ìdájọ́ rẹ̀ yóò sì de àwọn méjèèjì. Ta ni kò rí i pé àgbà tí ó lọ ka ebè lóko ni èyí? Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ní ẹ̀dùn má sùn, nítorí pé òfin tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti fi lélẹ̀ ní 1959, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, fún ẹ̀sùn àdéhùn lásán ní ọdún mẹ́fà péré.

Ẹ̀yin àgbà bíríkìlà, ẹ̀yin kápẹ́ńtà àti kọngílá tí ó kọ́ Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó, àpótí yín wà lábẹ́ ibùsùn, àwọn ìwé tí bàbá yín tẹ ọwọ́ sí wà nínú rẹ̀, rìsíìtì ìṣákọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, pílánì ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ àdúgbò yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé àpótí náà síta ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ gbọn ikán kúrò lára ìwé náà, ẹ pe àwọn ọmọ yín tí ó mọ̀wé kí wọ́n kà á sókè sí yín létí, kí ẹ sì sọ fún wọn ẹni tí ó dúró bí ẹlẹ́rìí ní ọjọ́ tí a kọ ọ́, nígbà tí ẹ ṣì rántí orúkọ rẹ̀.